Ẹ̀rọ Tí A Yọ Ojú Rẹ̀ ní Àbíjàn

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ mi ní Àbíjàn, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sì sáré wá gbé mi dìde. Ó rò pé mo ṣubú ni. Obìnrin ni, Madáàmù Amẹ̀nán ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń kó ẹrù. Ó di apá mi mú, ó ń fi Faransé bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo fẹ́ sọ fún un pé níbi tí mo ti wá, ọmọ tó bá nàró kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa lọ bi léèrè nílé. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju Faransé mi lọ. Mo kàn ní, “Bọ́ńjúù, Madáàmù.” Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú ọkàn mi, mo ní: kò burú, ẹ máa tó mọ̀ mí.

Ìlú Ọlá ni wọ́n bí mi sí, ní agbègbè Ẹ̀jìgbò. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu, mùsùlùmí ni. Ìyá mi ń yan gàrí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Lágbègbè wa, bí o bá ní ọmọ lágbájá ti lọ sí ìlú òkèèrè, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni tàbí Amẹ́ríkà. Àbíjàn ni. Kò sí agboolé tí kò ní èèyàn níbẹ̀. Bí ọdún Ògìyán bá ti ń sún mọ́lé, bọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò, ìyá àgbà á gbé ọmọ-ọmọ tí kò rí rí mọ́ra, ọmọ náà á sì fi Faransé sunkún. Mo mọ orúkọ àwọn àdúgbò Àbíjàn kí n tó mọ ti Ìbàdàn.

Àmọ́ òwò ni àwọn èèyàn wa ń lọ ṣe níbẹ̀. Èmi, iná ni mo kọ́. Mo jáde ní pólì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, mo wáṣẹ́ títí ní Òṣogbo, n kò rí. Nígbà tí Àǹtí Rìsí, àbúrò bàbá mi obìnrin, ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ní, “Máa lọ. Bó o bá dé ọ̀hún, Ọlọ́run ò sùn.” Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Oúnjẹ ọ̀sán àkọ́kọ́ tí Àǹtí Rìsí gbé síwájú mi, mo wò ó, mo rò pé gàrí tí wọn ò tíì yan jinná ni. Ó funfun, ó rọ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀, wọ́n gbé ẹja díndín àti àlùbọ́sà lé e lórí.

“Àǹtí, ṣé kí n bá yín yan èyí tó kù ni?”

Àǹtí mi fọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àṣèkẹ́ nìyẹn! Ẹ̀gẹ́ náà ni, ooru omi ni wọ́n kàn fi sè é. Jẹun, jàre, ará oko.”

Mo jẹ ẹ́. Mo tún bu sí i.

Kì í ṣe pé ìlú náà ṣàjèjì ló yà mí lẹ́nu jù. Kò ṣàjèjì tó bí mo ṣe rò, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Ní òpópónà tí à ń gbé ní Àjàmé, èèyàn lè jí kó sì sùn láìgbọ́ èdè mìíràn ju tiwa lọ. Wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ń jà nítorí ilẹ̀ Ẹ̀jìgbò níbi tí a ti ń rí ọ̀sà. Síbẹ̀, mo dá wà. Mo ń to abọ́ lé abọ́, mo ń nu ike, mo ń dá oníbàárà lóhùn, mo sì ń wá ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ iná, n kò rí. Bí fáànù ṣọ́ọ̀bù bá ń pariwo, àwọn yòókù á ní kí wọ́n pa á. Èmi nìkan ni mo máa ń fetí sí i láti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo wà láàárín àwọn ará ilé mi, ìlú sì ń ṣe mí bí ẹni tí kò ní ará.

Òjò ló gbé mi débi iṣẹ́ mi gan-an. Òjò Àbíjàn kì í rọ̀ bí ti ilé. Á máa já lulẹ̀ ni, ojú títì á sì di odò. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kú síwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Obìnrin tó ń wà á dúró ti àpò ẹ̀gẹ́ tó kó sẹ́yìn, ó ń sọ èdè tirẹ̀ sókè, mo mọ̀ pé èébú ni. Afuwé ni orúkọ rẹ̀, àṣèkẹ́ ló ń ṣe tà. Mo jáde sínú òjò, mo bá a ti kẹ̀kẹ́ náà dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó.

Ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa ló tú ẹ̀rọ náà. Siáká ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Júlà, mùsùlùmí bíi bàbá mi. Mo ní, “Àsàláámù àléékùm.” Ojú rẹ̀ là, ó dáhùn. Ìyẹn ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo sọ ní Àbíjàn, yàtọ̀ sí èdè wa, tí ẹnikẹ́ni ò fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, mo rí omi tó ti wọ inú rẹ̀, mo nawọ́ sí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké mẹ́ta tó wà létí wáyà, mo sì mi orí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, tòun ti aṣọ tó ń ro omi. Ó ní, pẹ̀lú Faransé tó lọ́ra nítorí mi, “Ta ló kọ́ ọ?”

Lẹ́yìn ìyẹn, tí Siáká ti bá mi gba iṣẹ́ níbẹ̀, ni mo lọ kúnlẹ̀ kí Madáàmù Amẹ̀nán.

Àǹtí Rìsí kò bínú kíákíá. Ó kọ́kọ́ to abọ́ tó wà níwájú rẹ̀ tán. Ó wá ní, “Mo ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó wá jókòó níbi òjìji, o wá lọ ń fi ọwọ́ ara ẹ ra gíríìsì láàárín àwọn ọkùnrin.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni.”

“Iṣẹ́ tó o kọ́ nílé tí wọn ò fún ọ ṣe. Ó dáa. Bó bá sú ọ, o mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.”

Ìyá mi máa ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí.

“Kí lo ní ò ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ọmọ mi?”

“Ẹ̀rọ ni, Ìyá. Ẹ̀rọ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ rìn.”

“Ṣé mẹkáníìkì ni ká máa sọ fún àwọn èèyàn?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Hẹn.” Ó ní, “Ọmọ Ìyá Súlè ti kọ́lé sí ẹ̀yìn ọjà.”

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń rí nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rárá. Ó kàn máa ń kó ìròyìn àwọn ọmọ tó ń ṣòwò jọ bí ẹni ń ṣa ẹyin, á sì kó wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù, bí mo bá sì ti gbé e sílẹ̀ tán, mo máa ń lọ fọ aṣọ iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àwọn nǹkan dúdú mẹ́ta yẹn, torí wọ́n fẹ́ lé gbogbo wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, wọ́n wé wáyà bàbà yíká, òòfà sì wà láàárín, òun ló ń yí. Iná tí a bá rán sínú wáyà ló ń fa òòfà náà lọ. Ṣùgbọ́n àpótí tó ń pín iná gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òòfà kọjú sí nígbà gbogbo kó tó lè fà á bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ti ti ọmọ lórí jangilọ́fà rí mọ ohun tí mò ń wí: bí o bá tì í nígbà tó ń bọ̀ wá bá ọ, ńṣe lo máa dá a dúró. Iṣẹ́ àwọn nǹkan dúdú náà ni láti máa sọ fún àpótí pé òòfà ti dé ibí, ó ti dé ọ̀hún. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n, àmọ́ ojú là ń pè wọ́n níbi iṣẹ́. Bí omi bá ti kan ojú yìí, ó bàjẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, kẹ̀kẹ́ kú, bí wáyà àti òòfà tilẹ̀ le bí irin.

Ìgbà òjò yẹn, kẹ̀kẹ́ òkú kún àgbàlá wa. Àwọn obìnrin tó ni wọ́n máa ń dúró lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Madáàmù Amẹ̀nán pè wá jọ, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní bí ìgbà òjò tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, òun máa ti ilé iṣẹ́ náà pa, òun máa padà sí kẹ̀kẹ́ elépo tí òun ń rà wá láti òkèèrè. Siáká tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa sanwó fún un láti wé wáyà.

Mo nawọ́ sókè. Faransé mi ti sàn díẹ̀. Mo ní, “Madáàmù, ẹ jẹ́ ká yọ ojú náà kúrò pátápátá.”

“Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa mọ ibi tí òòfà wà?”

“A máa ṣírò rẹ̀, mà.”

Bí òòfà bá ń yí láàárín wáyà, òun náà ń dá iná tirẹ̀ padà sínú wáyà ọ̀hún. Bó bá ṣe ń sáré sí ni iná náà ṣe ń lágbára sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ti ara iná yẹn mọ ibi tí òòfà dé àti bó ṣe ń yára tó, láìfi ojú kankan sínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń lò ó káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì lè jókòó kà á nílé iṣẹ́ wa. Èdè tí kò ra iyọ̀ fún mi ní ọjà Àjàmé ni mo wá fi ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ò lè ṣí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rìn lọ sílé bí ọmọ ọba.

Mo kọ ètò náà sínú àpótí. Siáká ń wé wáyà, èmi ń ṣe ìṣirò, à ń pín búrẹ́dì jẹ. A gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó gbéra, ó sáré. Siáká gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó na apá méjèèjì. Ọ̀gá wa pàtẹ́wọ́. Ó ní kí Afuwé wá fi ẹrù rẹ̀ dán an wò lọ́jọ́ kejì ní orí òkè tó máa ń gbà re ọjà.

Àpò ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Afuwé dúró ní ìdajì òkè kí ọkọ̀ kan lè kọjá, lẹ́yìn náà ló tẹ iná kó máa lọ. Kẹ̀kẹ́ gbọ̀n, ó sì gba ẹ̀yìn lọ. Afuwé kígbe. Ó fo bọ́ sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó ya lu gọ́tà. Àpò já, ẹ̀gẹ́ yí bíríbírí sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ń wò.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kódà kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òòfà tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í dá iná kankan padà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró, àpótí mi fọ́jú. Ó kàn ń méfò ni, ó sì ń fi agbára mú òòfà wá síbi tó méfò sí. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò séwu. Lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù, ó méfò òdì.

Afuwé ò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣa á, ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Mo ní mo ti jẹun. Ó ní, “Kò sóhun tó ò lè wá gbé nílé jẹ o, ọmọ mi. Ilé ò lé ọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbé báàgì. Àǹtí Rìsí náà ti gbọ́, ṣé ọjà ní etí. Ó gbé àga kan sílẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo máa ń ronú kan ìgbà yẹn dáadáa. Ẹni tó bá kùnà nílé, ilé á bò ó. Ẹni tó bá kùnà ní ìlú onílùú, gbangba ló ti kùnà. Kò sí ẹnìkan lórí òkè yẹn tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, tó lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ọmọ lágbájá ni, ọmọ dáadáa ni. Ohun tí mo ṣe nìkan ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ó bà mí lẹ́rù. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lágbára, nítorí bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni orúkọ mi níbẹ̀, a jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo lè tún un ṣe.

Mo jókòó lórí àga Àǹtí Rìsí fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ilé iṣẹ́ lọ.

Siáká ti ń dúró dè mí. “Mo rò pé o ti di olówò,” ló wí.

“Kọ̀rọ́,” mo ní, torí bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lédè tirẹ̀ nìyẹn, “ẹ jẹ́ ká bi òòfà léèrè nígbà tó ṣì dúró.”

Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí. A máa rán iná díẹ̀ sínú wáyà kọ̀ọ̀kan, iná tó kúrú débi pé ẹ̀rọ ò ní mira. Irin tó wà níbi tí orí òòfà kọjú sí ti kún fún agbára òòfà ṣáájú. Kì í dènà iná bí irin yòókù. Nítorí náà, iná tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa ń yára ga ju ti àwọn ibi yòókù lọ. Bí àpótí bá dán gbogbo ìhà wò, tó sì wo ibi tí iná ti yára jù, ó ti rí orí òòfà. Kó tó di pé ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ṣẹ́jú, ó ti tán.

Ó rọrùn láti sọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná kan àti èkejì kéré gan-an, ooru Àbíjàn sì máa ń dà á rú. Àwọn àpótí tí à ń lò kì í ṣe olówó ńlá. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ tí Siáká wé dáhùn dáadáa, àwọn mìíràn ń ṣe ségesège, títí tó fi tú wọn, tó sì wé wọn bákan náà, wáyà lé wáyà. Ìgbà kan wà tí Àǹtí Rìsí ń gbé oúnjẹ síwájú mi, tó ń gbé e kúrò. Lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ṣé ohun tí ò ń bá jà yìí, ó lè gbọ́ adùrá?” Mo ní kó máa gbà á. Ó ń gbà á ní tòótọ́. Mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́yìn ìrun rẹ̀.

Nígbà tó wá bọ́ sí i, kò pariwo. A fọwọ́ yí òòfà sí ibi tó wù wá, a bi àpótí, ó sọ ibi tó wà. A tún yí i, ó tún sọ ọ́. Siáká fi aṣọ bò ó, ó yí i lábẹ́ aṣọ kí èmi pàápàá má baà mọ̀, ó bi àpótí. Àpótí sọ ọ́. Ó ṣí aṣọ, ó wò ó. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀, ó sì ń sọ pé, “Àlàmúdùlíláì, àlàmúdùlíláì,” mo sì bá a jókòó.

Afuwé ló kù. Mo lọ sí ilé rẹ̀ fúnra mi. Ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn, kò gbójú sókè. Mo mú ọ̀bẹ kan nílẹ̀, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ ìyá oní-gàrí ni mí. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ kó tó wo ọwọ́ mi.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá mi ni.”

Ó ju èèpo sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bí ó bá tún gba ẹ̀yìn lọ, ìwọ ni màá dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Èmi ni màá wà á,” mo ní.

Èmi ló wà á lóòótọ́. Òjò ń rọ̀, a kò dúró kó dá. Afuwé jókòó sẹ́yìn mi lórí àpò. Mo dúró ní ìdajì òkè náà, níbi tó ti dagun jù, mo jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Siáká wà ní ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ lé orí. Mo tẹ iná. Kẹ̀kẹ́ ò gbọ̀n, kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbéra, ó ń gun òkè lọ, omi ń pín lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún dúró, mo tún gbéra. Afuwé gbá mi lẹ́yìn gbàà. “Má dúró mọ́!” ló wí. “Ọjà ti ṣí!”

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, àgbàlá wa ṣófo. Kò sí obìnrin lẹ́nu géètì. Madáàmù Amẹ̀nán fi èmi àti Siáká ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, ó sì pè mí jókòó, ó bi mí ìdí tí mo fi ń kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, Faransé mi tó o báyìí. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní kí n má ṣe jáwọ́.

Àǹtí Rìsí ló kéde rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò. Mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ dìde. Ó tún gèlè ṣe, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀ ń rí tó ń gun òkè nínú òjò yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ṣe é. Kì í ṣe pé ó ń tà á o. Ó ṣe é ni.” Bàbá àgbà kan béèrè pé kí ni wọ́n fi ń gbé e. Àǹtí mi ṣàlàyé òòfà àti wáyà, ìdajì rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, n kò sì tún un sọ. Ohun tí mo rí ni ojú rẹ̀. Ó ti ń fetí sí mi ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé kò gbọ́.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún, mo bá ìyá mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìlà, wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ elépo kan ṣoṣo tó wà ní Ọlá. Epo ti tán. Ẹni tó ni ín ti gun ọ̀kadà lọ wá epo sí Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀gẹ́ bíbẹ ń gbẹ nínú abọ́ lójú wọn. Mo bá ìyá mi gbé abọ́ tirẹ̀ sí abẹ́ òjìji. Mo padà sí Àbíjàn, mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, mo bá Siáká sọ̀rọ̀. A ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi iná oòrùn ṣiṣẹ́, kò ní ojú nínú, tí omi ẹ̀gẹ́ ò lè pa. Mo gbé e wá sílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

A gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ilé wa, a gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé. Àwọn ìyá pé láti Ọlá, àwọn mélòó kan tilẹ̀ ti Ìsundunrin wá. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti àná. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí òòfà ṣe ń sọ ibi tó wà, àti òkè yẹn, àti òjò. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀rọ yìí, kò dà bí èyí tí ẹ mọ̀. Nínú rẹ̀, òòfà kan wà—”

“Ṣé ó ń lọ ẹ̀gẹ́?” ìyá kan tó gbé abọ́ ńlá lérí bi mí.

“Ó ń lọ̀ ọ́, mà.”

“Ṣé ó kúnná?”

“Ó kúnná, mà.”

“Ó parí, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Kúrò lọ́nà ká ráyè.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló kọ́kọ́ da tirẹ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ, ó kún un dé etí, ẹ̀rọ náà ò tíì yí rárá. Mo tẹ iná. Ó gbéra láìjanpata, ẹ̀gẹ́ funfun sì ń ṣàn jáde sínú àpò. Ìyá mi fi ìka méjì bù ú, ó fi ra ọwọ́, ó wò ó dáadáa. Obìnrin kan lẹ́yìn bi í pé ta ló ni ẹ̀rọ.

“Ọmọ mi ló ṣe é,” ìyá mi wí, kò tiẹ̀ yíjú. “Ẹnjiníà ni.”

Wọ́n ti sún mi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Abọ́ ń tẹ̀ lé abọ́. Mo wá ọ̀bẹ kan nílẹ̀, mo fa àpótí ìjókòó sún mọ́ àwọn tí tiwọn ò tíì ṣe tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́.